Ìtumọ̀ "sesquipedalian" kì í ṣe àsọjù

Sí Olóòtú,

Mo ka àlàyé tí òǹkọ̀wé yín kan ṣe lórí ọ̀rọ̀ àpèjúwe Gẹ̀ẹ́sì tó ṣọ̀wọ́n nì, "sesquipedalian", ó sì yẹ kí a tún un ṣe díẹ̀. Ó ní ẹni tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń júwe. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. "Verbose" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe alásọjù. Gígùn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni "sesquipedalian" ń wò, kì í ṣe bí ọ̀rọ̀ ṣe pọ̀ tó. Ènìyàn lè sọ gbólóhùn kan péré kó sì jókòó, kí orúkọ náà tọ́ sí i, nígbà tí ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ kéékèèké rojọ́ láti àárọ̀ di alẹ́ kò ní í pín nínú rẹ̀.

Láti inú èdè Látìnì ló ti wá. "Sesqui" ni ọ̀kan àti ààbọ̀, òun náà ló sì bẹ̀rẹ̀ orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì fún àjọ̀dún 150 ọdún. "Pes" ni ẹsẹ̀, ìdílé kan náà ni pẹ́dà kẹ̀kẹ́ ti jáde. Ọ̀rọ̀ tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀ la ń wí. Horace, akéwì ará Róòmù tó gbé ayé láti ọdún 65 sí ọdún 8 ṣáájú ìbí Kristi, lò ó nínú ewì rẹ̀, Ars Poetica, níbi tó ti sọ pé bí Telephus àti Peleus, ẹ̀dá inú eré tí òṣì ta tí wọ́n sì lé kúrò nílùú, bá fẹ́ kí ìráhùn wọn wọ olùwòran lọ́kàn, wọn a ju ọ̀rọ̀ wíwú àti ọ̀rọ̀ ẹlẹ́sẹ̀-bàtà-kan-àbọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òótọ́ ni, ta ni ebi ń pa tó ń wá ọ̀rọ̀ gígùn kó tó ké? Ní sẹ́ńtúrì kẹtàdínlógún ni Gẹ̀ẹ́sì yá a lò.

Wọ́n ń lò ó fún ọ̀rọ̀, fún ẹni tó fẹ́ràn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, àti fún ọ̀nà ìkọ̀wé rẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀, nítorí sílébù mẹ́fà ni òun fúnra rẹ̀ ní, ẹni tó bá sì fi ojú líle fi bá ọmọnìkejì wí ti jẹ nínú ẹ̀ṣẹ̀ kan náà. "Otorhinolaryngologist", ìyẹn dókítà etí, imú àti ọ̀fun, ni àpẹẹrẹ tí ì bá dára jù kí òǹkọ̀wé yín lò. Bí ààyè bá wà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ tẹ àtúnṣe náà jáde, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ka abala yẹn.

Èmi ni òǹkàwé yín.