Ẹ Má Fi Fọ́tò Gba Oore Yín Padà

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́. Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí ni àṣà yíya fọ́tò àwọn aláìní nígbà tí a bá ń fún wọn ní nǹkan, èyí tó ti wọ ilé ìjọsìn débi pé àwa onígbàgbọ́ gan-an kì í kà á sí àṣìṣe mọ́.

Ọdún mélòó kan ni mo fi wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àwọn opó àti ọmọ òrukàn nínú ìjọ tí mò ń lọ, èmi gan-an ni mo sì máa ń ya fọ́tò. Mo máa ń ní kí wọ́n gbé ẹrù náà sókè díẹ̀, kí wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan wà láàárín wọn tí kò padà wá mọ́ lẹ́yìn ìgbà kejì. Nígbà tí mo wá a lọ, ó ní ọmọ òun rí àwòrán náà lórí fóònù ọmọ kíláàsì rẹ̀, àti pé láti ọjọ́ náà ni ọmọ náà kò ti fẹ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mọ́. Ó pẹ́ tí mo ti ń pa á lówe pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ọjọ́ yẹn ni mo tó rí ẹni tó yan ebi dípò ẹ̀sín, èmi ni mo sì fa ẹ̀sín náà.

Nígbà tí mo padà sídìí ìwé mímọ́, mo rí i pé àwọn ẹ̀sìn tí ọ̀rọ̀ wọn kì í sábà ṣe ọ̀kan ṣe ọ̀kan lórí èyí. Nínú Mátíù orí 6, Jésù ní kí ọwọ́ òsì má ṣe mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe nígbà tí a bá ń ṣàánú. Nínú hádíìsì, ìyẹn àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ Ànábì Muhammad, ẹni tó fi sàárà rẹ̀ pamọ́ tí ọwọ́ òsì rẹ̀ kò fi mọ ohun tí ọ̀tún ná wà lára àwọn méje tí Ọlọ́run yóò fi ibòòji Rẹ̀ bò. Al-Kùránì 2:264 sì kìlọ̀ pé kí a má fi ìrègún àti ìpalára ba sàárà wa jẹ́. Àwọn baba wa náà ní ẹni tó ṣoore tó lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é ni. Ẹni tó lóṣòó á kúkú dìde bó bá rẹ̀ ẹ́. Fọ́tò tó ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní dìde láéláé.

Òfin kan nínú Léfítíkù orí 19 wù mí jù lọ. A ní kí olóko má kórè dé etí oko rẹ̀, kí ó fi í sílẹ̀ fún tálákà àti àlejò. Olóko kò dúró síbẹ̀ láti máa pín nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni kò to ẹnikẹ́ni sí ìlà. Tálákà fúnra rẹ̀ ni yóò wọ oko, tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kórè, tí yóò sì gbé ẹrù relé bí òṣìṣẹ́ yòókù. Maimonides, amòye àwọn Júù ní ọ̀rúndún 12, to ìtọrẹ sí ipele mẹ́jọ. Èyí tó ga jù ni kí a yá aláìní lówó, kí a bá a dòwò pọ̀ tàbí kí a wá iṣẹ́ fún un kí ó má baà tọrọ mọ́. Èyí tó tẹ̀ lé e ni kí ẹni tó fúnni àti ẹni tó gbà má mọ ara wọn.

Àwọn kan yóò ní àwọn tó dáwó fẹ́ rí ibi tí owó wọn gbà, àti pé Al-Kùránì 2:271 pe sàárà gbangba ní ohun dáadáa. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ kan náà ló ní fífún aláìní ní ìkọ̀kọ̀ dára jù. Ìwé ìṣirò owó ni a fi ń jíhìn owó: kí a kọ iye tó wọlé, iye tó jáde àti iye ìdílé tó rí gbà, kí ẹni tí kì í ṣe ara ìgbìmọ̀ sì yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá di dandan kí a ya fọ́tò, ẹ ya àpò ẹrù; àpò kò lójú tí ìtìjú lè mú.

Mo ti pa àwọn àwòrán tó wà lórí fóònù mi rẹ́, àmọ́ n kò lè ká àwọn tó ti dé ọwọ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀yin náà, Olóòtú, bí ilé ìjọsìn bá fi irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bo ojú àwọn tó ń gba nǹkan. Ẹ lè fi ti àwọn tó ń fúnni sílẹ̀. Wọ́n á kúkú fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín