Owó ìtanràn nítorí pé ọmọ sọ Yorùbá

Olóòtú,

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún méje, sunkún ti ilé ìwé dé. Wọ́n ní kó mú igba náírà wá lọ́jọ́ kejì, ó sọ "fanákúlà" nínú kíláàsì. Kí ló sọ? Ó ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ yá òun ní írésà. Igba náírà, nítorí Yorùbá, ní Adó-Èkìtì níbí!

Mo bá ṣí ìwé rẹ̀ wò. Wọ́n ní kó kọ nípa àwọn ará ilé rẹ̀, ó wá kọ ọ́ pé: "My grandmother they are cooking beans." Tíṣà fa igi pupa gbọọrọ lé e, ó ní kó tún un kọ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Kò sọ ohun tó burú níbẹ̀. Olóòtú, èmi ni "they" yẹn! Ọmọ náà ń bọ̀wọ̀ fún mi ni. "Wọ́n ń se ẹ̀wà" ló máa ń wí nílé, kò jẹ́ wí pé "ó ń se ẹ̀wà". Ìṣẹ́jú méjì péré ni tíṣà tó mọṣẹ́ nílò láti fi Yorùbá sọ fún un pé Òyìnbó kì í fi "they" bọ̀wọ̀ fún àgbà, àti pé ibi tí "ó" ti tó àwa lò, wọ́n ya ti ọkùnrin sọ́tọ̀ sí ti obìnrin. Kò ní gbàgbé láéláé. Ṣùgbọ́n tíṣà gan-an ò gbọdọ̀ sọ Yorùbá.

Ọdún 31 ni mo fi kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ má pè mí ní ọ̀tá rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹni tí kò bá ní kírẹ́díìtì Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ yunifásítì ni kò ní gbà á. Nínú ìdánwò JAMB, ìbéèrè 60 ni ti Gẹ̀ẹ́sì, 40 ni ti iṣẹ́ yòókù kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ èdè àjòjì ni fún ọmọ tó ń sọ Èkìtì nílé, tó ń sọ ọ́ lọ́jà, wọ́n wá ń kọ́ ọ bíi pé inú oyún ló ti ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tó bá sì fi ti ilé fèsì, kó lọ mówó wá!

Àwọn ọ̀gá ìjọba àpapọ̀ inú ọ́fíìsì ńkọ́? Ní 2022, wọ́n ní kí á fi èdè abínibí kọ́ ọmọ títí dé kíláàsì kẹfà. Nígbà tó di November 2025, wọ́n ní àwọn ti fagi lé e. Láàárín ọdún mẹ́ta yẹn, n kò rí ìwé kan ṣoṣo tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àdúgbò wa. Ọbẹ̀ tí wọn ò gbé kaná, wọ́n ní kò dùn.

Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé e kaná ní Ilé-Ifẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ yẹn fún ọdún mẹ́fà, tíṣà tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Wọ́n ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì náà.

Ohun tí mo fẹ́ kò ju èyí lọ: tíṣà Gẹ̀ẹ́sì gidi kan fún ilé ìwé mẹ́ta tó bá wà nítòsí ara wọn, kó máa yípo. Kó má ṣe ìṣirò, kó má ṣe sáyẹ́ǹsì. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́ fún kíláàsì kan ti tó. Etí àti ẹnu ni kó ti bẹ̀rẹ̀: kí ọmọ mọ̀ pé èdè wa ò ní "z", ìyẹn ni "zip" fi ń di "sip" lẹ́nu wa, kí "three" yéé di "tree". Kó máa kọ gbólóhùn Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lójú pátákó, kí àwọn ọmọ fojú ara wọn rí ibi tí méjèèjì ti yà. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọ̀jọ̀gbọ́n Èkìtì yangàn, àwa tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì kún ìlú, ẹ pè wá, a ó kọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí wọ́n ra ìwé kíkà. Kí wọ́n sì fòfin de owó ìtanràn yìí.

Ní ti igba náírà, n kò san án. Lẹ́tà ni mo kọ sí ọ̀gá ilé ìwé, Yorùbá ni mo sì fi kọ ọ́.

Ìyá àgbà kan,
Adó-Èkìtì