Ta ló ń ra sọ́fítíwíà ìtọ́jú ilé, ta ló sì ń lò ó?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Mo ka àpilẹ̀kọ tí akọ̀ròyìn yín kọ lórí àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ máa ṣe sọ́fítíwíà fún ìtọ́jú aláìsàn nílé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á: ẹ̀ẹ̀kan nínú ọkọ̀ mi níwájú ilé màmá tí mò ń tọ́jú, ẹ̀ẹ̀kejì lálẹ́ lẹ́yìn tí mo wẹ̀ tán. Ohun tó wà níbẹ̀ dára. Àmọ́ ẹni tó kọ ọ́ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó dúró lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì tó ń wo ọjà. Èmi wà nísàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wọn gààrí.

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas. Ẹ wo ìdí ìnáwó àwọn ọmọ Nàìjíríà èyíkéyìí níbí, ẹ ó bá nọ́ọ̀sì níbẹ̀, ẹ ó bá ẹni tó ni ájẹ́ńsì, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń rán òṣìṣẹ́ lọ tọ́jú ènìyàn nílé, ẹ ó sì bá irú èmi tí ń wẹ arúgbó, tí ń fún wọn lóúnjẹ, tí ń rán wọn létí oògùn. Àpilẹ̀kọ yín dárúkọ John Olajide, ọmọ Nàìjíríà tó dá Axxess sílẹ̀ ní Dallas lọ́dún 2007, tó ń ta sọ́fítíwíà fún àwọn ájẹ́ńsì. Ó yẹ kí ẹ dárúkọ rẹ̀. Orí wa máa ń wú bí a bá gbọ́ Olajide láàrin orúkọ àwọn òyìnbó. Ṣùgbọ́n kí ọ̀dọ́ tó wà ní Yaba tó sọ pé òun náà máa ṣe bẹ́ẹ̀, kó kọ́kọ́ béèrè pé owó ta ni wọ́n ń ná lọ́jà yẹn.

Owó ìjọba ni. Medicare, ètò ìbánigbófò ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, ló ń sanwó nọ́ọ̀sì tó ń lọ bá ẹni tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ara kò jẹ́ kó lè máa jáde nílé. Medicaid ló wà fún àwọn tí kò lówó lọ́wọ́. Ìjọba kì í sì í ná owó náà láìgba ìwé. Láti 1999 ni nọ́ọ̀sì ti ń dáhùn ìbéèrè gbọọrọ kan tí wọ́n ń pè ní OASIS: ṣé aláìsàn lè dìde fúnra rẹ̀, ṣé ó lè wọ aṣọ, ọgbẹ́ wo ló wà lára rẹ̀, ṣé ó lè lo oògùn láìsí ẹni tó ń rán an létí. Láti ọdún 2000 ni Medicare ti ń ṣírò owó ní ọgọ́ta ọjọ́, ọgọ́ta ọjọ́. Nígbà tó di oṣù Ṣẹẹrẹ 2020, wọ́n gé e sí ọgbọ̀n ọjọ́. Lójú ẹni tó wà lóde, kí ló kàn án? Lójú ẹni tó ni ájẹ́ńsì, ìwé owó ti di ìlọ́po méjì, bí ìwé bá sì pẹ́, owó oṣù àwa òṣìṣẹ́ náà á pẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni ẹni tó ń ta sọ́fítíwíà ti wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ọjà náà kì í sì í ṣe kékeré. ResMed, ilé-iṣẹ́ tí a mọ̀ mọ ẹ̀rọ tí àwọn tí èémí wọn ń há lójú oorun máa ń dè mọ́ imú, ra Brightree lọ́dún 2016 ní 800 mílíọ̀nù dọ́là. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ó tún ra MatrixCare ní 750 mílíọ̀nù. Sọ́fítíwíà ni àwọn méjèèjì ń tà. Ẹni tó ń ta ẹ̀rọ imú ò ní kó irú owó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ torí pé ó fẹ́ràn kọ̀ǹpútà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kàn mí ni òfin tí wọ́n ń pè ní 21st Century Cures Act, tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù Ọ̀pẹ̀ 2016. Òfin náà ní ẹni tó bá lọ tọ́jú ènìyàn nílé lórí owó Medicaid, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ jẹ́rìí rẹ̀. Nǹkan mẹ́fà ni ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ̀: iṣẹ́ tí a ṣe, ẹni tí a ṣe é fún, ẹni tó ṣe é, ọjọ́ rẹ̀, ibi tí a ti ṣe é, àti aago tí a bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí a parí. Ìpínlẹ̀ tó bá kọ̀ tí kò ṣe é, ìjọba àpapọ̀ á yọ nínú owó tó ń fún un. Òfin kan ṣoṣo yìí ló mú kí àwọn ájẹ́ńsì máa wá áàpù kiri bí ẹni ń wá epo bẹntiróò lọ́jọ́ ọ̀wọ́n. Kò sí ìpolówó tó lè ta ọjà bẹ́ẹ̀.

Mi ò sọ pé òfin náà kò nídìí. Àwọn kan ń kọ wákàtí tí wọn ò ṣe, àwọn ọmọ wa náà sì wà nínú wọn, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká parọ́. Ẹni tó jókòó sílé rẹ̀ tó ń gbowó lórí arúgbó tí kò wẹ̀, olè ni.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lọ́wọ́ wa. Màmá kan tí mo tọ́jú ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn ń gbé ní àjà kẹta. Lọ́jọ́ kan, mo dé ní aago méje àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, mo wọlé, mo tẹ fóònù pé mo ti dé. Áàpù ní irọ́ ni, mi ò sí níbẹ̀. Ó gbé mi lọ sí ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí ní òdìkejì títì. Mo lọ sí ojú fèrèsé, mo na ọwọ́ síta bí ẹni tó fẹ́ fi àtẹ́lẹwọ́ gba òjò. Kò gbà. Màmá ti tọ̀ sára, ara ń ni wọ́n, wọ́n ń wò mí láti orí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní ṣé èmi náà ń wá ẹni tó máa tọ́jú mi ni. Mo ju fóònù sórí àga, mo lọ gbé omi. Ájẹ́ńsì mi nígbà yẹn, mi ò ní dárúkọ wọn, ní kí n kọ ìdí tí mo fi pẹ́ sínú fọ́ọ̀mù, kí màmá sì fọwọ́ sí i, ọwọ́ tó ń gbọ̀n bí ewé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni owó ọjọ́ náà fi jókòó síbi tó wà.

Bẹ́ẹ̀ òfin kò sọ pé GPS, ìyẹn kí fóònù máa tọ́ka ibi tí ènìyàn wà, ni dandan. A lè fi fóònù ilé aláìsàn pe nọ́ńbà kan, ẹ̀rọ kékeré kan sì wà tí wọ́n máa ń fi sílé aláìsàn tí ń pèsè nọ́ńbà tí a máa fi jẹ́rìí. Òfin yẹn kan náà ló ní kí ètò náà má ni ènìyàn lára. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n ń ra áàpù, kò sẹ́ni tó pe irú wa sí ìjókòó. Wọ́n fi bí owó ṣe máa tètè wọlé han ọ̀gá. Wọn ò mú un dé àjà kẹta.

Èyí tó tún dùn mí ju ìyẹn lọ ni pé áàpù náà ní ibi tí mo ti lè sàmì sí pé màmá wẹ̀, wọ́n jẹun, wọ́n rìn díẹ̀. Kò ní àyè fún pé láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni màmá ti ń pe ọmọ wọn tó ti kú, tí wọ́n ń ní kó wá jẹun. Mo mọ̀ pé wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo pe nọ́ọ̀sì. Wọ́n yẹ ìtọ̀ wọn wò, àrùn ti wọ inú àpò ìtọ̀. Oògùn ọjọ́ díẹ̀, ojú wọn wálẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ áàpù, ọ̀sẹ̀ yẹn kò yàtọ̀ sí èyí tó ṣáájú rẹ̀.

Ìyá tèmi wà ní Abẹ́òkúta, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ọmọbìnrin kan tó kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn aládàáni ló ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ìwé àjákọ ló ń lò. Bó ṣe kọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá nìyí: “Ọjọ́bọ̀. Àárọ̀ 168/94. Màmá lo oògùn. Wọ́n jẹ ẹ̀kọ díẹ̀, wọ́n ní ẹnu àwọn korò. Alẹ́ 150/88. Wọ́n gbàdúrà pẹ́.” Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Bí mo bá ti rí i pé wọ́n gbàdúrà pẹ́, ọkàn mi á balẹ̀, torí pé bí ara ìyá mi kò bá yá, “Àmín” nìkan ni wọ́n máa ń ṣe.

Ta ló ń sanwó ọmọ náà? Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Manchester ni. Òfin ìbánigbófò ìlera tí wọ́n buwọ́ lù ní Nàìjíríà lọ́dún 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ènìyàn, àmọ́ kọ́bọ̀ kan kò tíì tibẹ̀ wá fún ẹni tó ń sun ilé ìyá mi. Medicare tó gbé ọjà Dallas ró kò sí ní Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá wá gbé áàpù Amẹ́ríkà wálé bó ṣe wà, aago tí wọ́n fi ń ṣọ́ òṣìṣẹ́ ló máa kó wá. Ohun tí mo máa fi tayọ̀tayọ̀ sanwó fún ni èyí tí ọmọ náà lè fi Yorùbá kọ, tí kò ní kú bí iná bá lọ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ṣe bó ṣe máa ń ṣe, tí dókítà á lè wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó má máa ṣí fọ́tò nínú fóònù mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọmọkùnrin kan pè mí láti Èkó lóṣù tó kọjá, ó fẹ́ ta irú rẹ̀ fún mi. Ó ní màá lè rí ibi tí ọmọ náà wà ní gbogbo ìgbà, màá sì lè rí yàrá ìyá mi nínú kámẹ́rà. Mo ní bí mo bá dẹ́kun owó sísan ńkọ́, ta ló ni gbogbo ohun tí ẹ ti kọ nípa ìyá mi? Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023 kúkú ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ àṣírí tó nílò ìṣọ́ra lọ́tọ̀. Ó ní òun máa pè mí padà. Bí akọ̀ròyìn yín bá tún lọ bá àwọn tó ń ta ọjà yìí, kó jọ̀wọ́ bá mi bi wọ́n.

Ìwé àjákọ kẹrin la wà báyìí, ó ku ojú ewé mélòó kan. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ló máa ra ìkarùn-ún, kó jẹ́ olójú-ewé púpọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá Ìbejì,
Houston, Texas