Owó balùwẹ̀: inú ògiri ni ká ti bẹ̀rẹ̀

Sí Olóòtú,

Mo ka ojú ìwé tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ ilé ní Sátidé tó kọjá, níbi tí akọ̀ròyìn yín ti ń kọ́ wa bí a ṣe lè sọ balùwẹ̀ àtijọ́ di tuntun láìná owó púpọ̀. Àwòrán ibẹ̀ wù mí. Táìsì ń dán bíi dígí, àwo ìfọwọ́ jókòó sórí tábìlì bí abọ́ ọbẹ̀, ṣáwà ń dà wàrà bí òjò. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tó ní ká kọ sínú ìṣirò owó, n kò rí páìpù. N kò rí owó tí a fi ń kó àwókù. N kò sì rí ibi tó ti sọ̀rọ̀ ìtìjú tó máa ń bá èèyàn nígbà tí omi balùwẹ̀ ẹni bá ń kán sínú ìkòkò ọbẹ̀ aládùúgbò. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló jẹ́ kí n mú bírò.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni à ń gbé ní Fẹ́sítàkì, òkè ni tiwa. Àwọn àlejò tó wá ṣe àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú lọ́dún 1977 ni wọ́n kọ́ àwọn ilé náà fún, nítorí náà páìpù tó wà nínú ògiri wa kì í ṣe ọmọdé. Irin ni. Nígbà tí a gé ọ̀kan nínú wọn wò, ìpẹtà ti dí i débi pé ìka kékeré mi kò lè wọ inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni omi tí à ń wẹ̀ ti ń fún ara rẹ̀ kọjá láti ọjọ́ yìí wá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ o. Lọ́dún 2019, nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì mi jáde, ₦380,000 ni mo ná sórí balùwẹ̀ kan náà yìí, bí akọ̀ròyìn yín ṣe wí gẹ́lẹ́ ni mo sì ṣe é. Táìsì dídán, WC tuntun, dígí ńlá. Púlọ́ńbà tó bá mi ṣiṣẹ́ bi mí pé, "Màmá, ṣé ká yọ páìpù àtijọ́ yìí kúrò nílẹ̀?" Mo bi í pé èló ni. Ó dá iye rẹ̀. Mo ní kó fi í sílẹ̀ jàre, ta ló fẹ́ rí i?

Oṣù mẹ́rin kò pé tí Bàbá tó ń gbé nísàlẹ̀ wa fi kan ilẹ̀kùn ní ìdájí. "Ẹ kú ìdájí o, Ìyá. Ẹ má bínú, ẹ bá mi wá wo òkè àjà ilé ìdáná wa." Mo sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òkè àjà náà ti wú bí búrẹ́dì tí a rẹ sínú tíì. Òjò ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ. Omi balùwẹ̀ mi ló sọ èmi àti Bàbá yẹn di ojúlùmọ̀ tipátipá. Láti ìgbà náà la ti ń fọ́ táìsì mẹ́ta níhìn-ín, tí à ń lẹ méjì lọ́hùn-ún. Nígbà tí mo fi máa ṣírò owó àbùlẹ̀ ọdún márùn-ún, ó ti ju owó tí púlọ́ńbà yẹn dá lé mi lọ ní ìlọ́po mẹ́ta.

Lọ́dún yìí, a tún un ṣe látìpilẹ̀. ₦1,200,000 ni mo tù jọ. Kí n tó pe oníṣẹ́ kankan, mo yọ ₦180,000 nínú rẹ̀, mo fún àbúrò mi obìnrin kó bá mi mú un dání, mo sì ní kó má fún mi àfi bí a bá fọ́ ògiri tí a bá ohun tí a kò retí. Nínú ìyókù, iṣẹ́ inú ògiri àti abẹ́ ilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gé tirẹ̀ fún: páìpù, vááfù, kẹ́míkà tí wọ́n ń fi kun ilẹ̀ kí omi má baà rìn wọ dẹ́kì, àti owó iṣẹ́ púlọ́ńbà. ₦390,000 ni gbogbo rẹ̀. Táìsì, sìmẹ́ńtì, iyanrìn àti owó onítáìsì gba ₦370,000. WC, àwo ìfọwọ́ àti àwọn táàpù, ₦180,000. Ẹ wò ó bí mo ṣe tò ó: ohun tí àlejò máa yìn ló gbẹ̀yìn.

Olùkọ́ ìṣirò ni mo jẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, n kò sì lè gbà kí oníṣẹ́ fi ojú wọn ilé fún mi. Balùwẹ̀ wa jẹ́ mítà 1.5 ní ìbú, mítà 2.4 ní gígùn. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 3.6. Tí a bá gbé táìsì ara ògiri ga tó mítà 2.1, tí a yọ ẹnu ọ̀nà kúrò, ó jẹ́ bíi 14.8. Mo fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé ọ̀kọ̀ọ̀kan nítorí àfọ́ àti àgékù. Páálí táìsì tí mo rà, mítà onígun mẹ́rin 1.44 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà páálí 3 tó ilẹ̀, 12 tó ògiri. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré. Onítáìsì tí mo kọ́kọ́ pè ní kí n ra 22. N kò pè é lólè o; òun wo yàrá, èmi na téèpù. Lẹ́ẹ̀kan náà ni kí ẹ sì ra gbogbo rẹ̀, kí ẹ rí i pé nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára páálí bára mu, torí àwọ̀ táìsì tí wọ́n sun lónìí lè má rí bákan náà pẹ̀lú èyí tí wọ́n sun lóṣù tó ń bọ̀.

Nípa ríra ọjà, Mile 2 ni mo ti wọ ọkọ̀ ojúurin lọ sí Orílé, mo wá ọkọ̀ dé ọjà Ọdúnadé láti ibẹ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ kó máa wá iye ara rẹ̀, ohunkóhun tó bá gba orí òkun wọlé, bíi WC àti táàpù, kò ní iye kan pàtó mọ́. Ọmọ tó ń tajà wí fún mi pé, "Màmá, iye tòní nìyẹn o, ẹ má bi mí ní tọ̀la." Nítorí náà, mo ti ra gbogbo nǹkan pé kí ẹnikẹ́ni tó gbé òòlù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni WC fi jókòó sí yàrá wa. Ọkọ mi ní òun kò tíì bá irú àlejò bẹ́ẹ̀ sùn rí.

Níbi táìsì tó ń dán tí ẹ gbé jáde, mo takò yín gbọnmọgbọnmọ. Ọkọ mi ti lé ní àádọ́rin ọdún. Táìsì 2019 ti gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Èyí tó rí ṣákaṣàka lábẹ́ ẹsẹ̀ ni mo rà fún ilẹ̀ báyìí, kò sì wọ́n ju èyí tó ń dán lọ. A tún de irin ìdìmú mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ WC.

Kí wọ́n tó gbé táìsì kan lélẹ̀, mo ní kí wọ́n di ojú ihò omi, kí wọ́n da omi sílẹ̀ kó jìn tó ìka méjì, kó wà bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì. Onítáìsì ní mo ń fi àkókò òun ṣòfò. Mo rán an létí pé ìdajì owó iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Bàbá ìsàlẹ̀ gbé àga sínú ilé ìdáná rẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí òkè títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ̀kán kan kò sọ̀.

Àwọn owó wẹ́wẹ́ ńkọ́? ₦80,000 ló bá wọn lọ: àwọn lébìrà tó ru iyanrìn gun òkè, ẹni tó kó àwókù lọ, omi mẹ́ruwà tí mo rà fún gbogbo ará ilé lọ́jọ́ tí a ti omi pa, àti owó ọkọ̀ ọjọ́ 11 tí èmi àti ọkọ mi fi ń lọ wẹ̀ nílé àbúrò mi ní Sátẹ́láìtì. Balùwẹ̀ kan ṣoṣo la ní. Akọ̀ròyìn yín kò bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí onílé yóò ti máa wẹ̀.

Mo bẹ̀ yín, tí ẹ bá tún fẹ́ kọ irú rẹ̀, ẹ mú púlọ́ńbà kan dání lọ, kí ẹ má mú ayàwòrán nìkan.

Nínú ₦180,000 tí mo fi pamọ́, vááfù ńlá tó ń pín omi fún ilé gbogbo, tó kọ̀ tí kò tì mọ́, jẹ ₦110,000. ₦70,000 tó kù ni mo fi ra ọ̀dà àti owó iṣẹ́ ẹni tó kun òkè àjà ilé ìdáná Bàbá ìsàlẹ̀. Funfun ló ní òun fẹ́, kí òun lè tètè rí i bí ó bá tún bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Fẹ́sítàkì, Èkó.