Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa tó ń lọ gún abẹ́rẹ́ awọ ojú ní Seoul

Ẹ̀yin oníbàárà wa,

Ẹ kú àtìlẹ́yìn o. Ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu yín, ì báà jẹ́ ẹ̀yin tó ń pè láti Ìkẹjà, ì báà jẹ́ ẹ̀yin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston: kí ló dé tí a kì í gba owó àsansílẹ̀ àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ ya fọ́tò gbogbo ìpara tí ẹ ń lò ránṣẹ́ sí wa, títí dé èyí tí wọ́n bá yín pò lọ́jà? Àwọn kan ní à ń tọ pinpin. A ò tọ pinpin. Iṣẹ́ tiwa ni pé ká bá yín wá ilé ìwòsàn awọ ara ní Seoul, ká gba ọjọ́ fún yín, ká sì jókòó tì yín bí ògbufọ̀. Ohun tó sì sábà máa ń ba abẹ́rẹ́ awọ jẹ́ lára ènìyàn dúdú, orí tábìlì dígí yín nílé ló ti ń bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó wọ bàálù rárá.

Ẹ jẹ́ ká dá abẹ́rẹ́ náà mọ̀ ná. Skin booster ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe Botox, tó ń dá iṣan ojú dúró kó má fi bẹ́ẹ̀ hunjọ. Kì í ṣe filler, tó ń gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí ètè sókè. Ńṣe ni wọ́n ń kán oògùn bíńtín-bíńtín sínú awọ fúnra rẹ̀ kí ó lè máa gba omi dúró, kí ó dán, kí àwọn ihò wẹ́wẹ́ ojú sì rọra sún kì. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń sọ dúdú di pupa. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun á gún booster fún yín kí ara yín lè mọ́, ó ti po nǹkan mìíràn mọ́ ọn, tàbí kó jẹ́ irọ́ ló ń pa.

Oríṣi mẹ́ta ni ẹ máa bá pàdé. Èyí tó pẹ́ jù ni ti hyaluronic acid, ohun kan náà tí ara wa ń ṣe láti fi pa omi mọ́ sínú awọ. Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù mọ Profhilo nínú ìdílé yìí: sìríǹjì 2 ml ni, 64 mg ló wà nínú rẹ̀. Ojú ibi márùn-ún ni wọ́n ń gún ní ẹ̀gbẹ́ ojú kọ̀ọ̀kan, 0.2 ml níbi kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì tún un ṣe lẹ́yìn oṣù kan. Ìkejì ni Rejuran, tí ilé iṣẹ́ PharmaResearch ń ṣe ní Kòríà. Polynucleotide ni, DNA tí wọ́n yọ lára ẹja salmon tí wọ́n sì sẹ́ mọ́, 20 mg nínú ml kan. Èyí tí wọ́n ń pè ní Healer wà fún gbogbo ojú. Èyí tó ṣàn jù ú lọ wà fún abẹ́ ojú. Èyí tó ki jù wà fún àpá irorẹ́. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n fẹ́ gún, nítorí owó wọn àti iye ml inú wọn kò dọ́gba.

Ìkẹta ni Juvelook. Ìyẹ̀fun ló wà nínú ìgò rẹ̀, PDLLA (èròjà kan tí ara ń yọ́ díẹ̀díẹ̀) 42.5 mg pẹ̀lú hyaluronic acid 7.5 mg, dókítà ló sì ń fi omi pò ó. Ìyẹ̀fun náà ló ń ta ara jí kó lè ṣe kọ́lájìn, ohun tó ń gbé awọ ró, nítorí náà iṣẹ́ rẹ̀ kì í yá. Oṣù méjì sí mẹ́ta ni. Bí wọn ò bá pò ó kúnná, tàbí tí wọ́n gún un sókè jù, kókó líle ló ń dà sábẹ́ awọ, kókó náà sì lè pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó máa lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó sì máa padà sí Èkó, a kì í gbà á nímọ̀ràn pé kó gún Juvelook sábẹ́ ojú. Ta ni yóò bá a wo kókó náà tó bá yọ ní oṣù kẹta?

Ó yá, ẹ wo ìṣirò yìí. Rejuran 2 ml, tí dókítà bá ń kán 0.02 ml síbi kọ̀ọ̀kan, ihò ọgọ́rùn-ún nìyẹn lójú kan ṣoṣo. Ọgbẹ́ kékeré ni ihò kọ̀ọ̀kan. Lára òyìnbó, irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ á pọ́n, á sì lọ. Lára tiwa, bí ó bá wú tàbí tí a fọwọ́ ha á, àmì dúdú ló ń fi sílẹ̀, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ oṣù kó tó ṣí. Awọ tó wà ní àlàáfíà kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Awọ tí tónìn ti bó ló ń bà wá lẹ́rù.

Ọ̀pọ̀ ìpara àpòpọ̀ ni clobetasol wà nínú rẹ̀. Sítẹ́rọ́ìdì ni, ó sì le gan-an. Ẹni tó ti ń fi pa ojú fún bí ọdún kan, awọ rẹ̀ á ti fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà: okùn ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ á máa hàn lẹ́rẹ̀kẹ́, irorẹ́ á máa sú yí ẹnu ká, irun á máa hù níbi tí kì í hù sí tẹ́lẹ̀. Ẹ wá gún irú awọ bẹ́ẹ̀ ní ihò ọgọ́rùn-ún: ẹ̀jẹ̀ á dì sábẹ́ rẹ̀ káàkiri, ọgbẹ́ ò ní tètè jinná, kòkòrò á sì ráyè wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí ohun tí a kọ yìí ju ìpara náà nù lálẹ́ òní. Sítẹ́rọ́ìdì tí ènìyàn bá dédé fi sílẹ̀ a máa gbẹ̀san: ojú á pọ́n, á máa ta, á wú. Dókítà awọ ní ìlú tí ẹ wà ni kó bá yín dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń béèrè ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ó kéré tán, láàárín ọjọ́ tí ẹ lo irú ìpara bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn àti ọjọ́ abẹ́rẹ́. Òfin tiwa ni ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ yìí. Dókítà lè fi kún un. Àwa ò ní dín in kù, ì báà jẹ́ ìgbéyàwó ọmọ yín ló kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ti hydroquinone, oògùn ìbóra tó wà nínú àwọn ìpara mìíràn, yàtọ̀ díẹ̀. Bó bá ti pẹ́ jù lójú, ó lè sọ orí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ẹ̀bá ojú di dúdú bí aró. Àwọn kan ń fẹ́ fi booster pa á rẹ́. Kò lè pa á rẹ́. Tí a bá rí i nínú fọ́tò yín, a ó sọ fún yín kí ẹ má lọ, a ò sì ní gba kọ́bọ̀.

Àwọn nǹkan mìíràn tí ẹ kò gbọdọ̀ fi pamọ́: oyún, ọmọ lẹ́nu ọmú, egbò wẹ́wẹ́ tó máa ń yọ sí ètè, eyín tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba ẹja, tí ẹja máa ń yún lára tàbí tó ń mú ètè rẹ̀ wú, kó má gba Rejuran rárá. Bí etí tí wọ́n lu fún yín bá wú di kókó rí, tàbí tí àpá iṣẹ́ abẹ yín wú kọjá ojú ọgbẹ́, ẹ wí i. A kì í gba ọjọ́ abẹ́rẹ́ ọrùn àti àyà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Aspirin, ibuprofen, fítámì E àti epo ẹja a máa jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè ṣàn sábẹ́ awọ, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Tó bá jẹ́ dókítà ọkàn ló kọ aspirin fún yín, ẹ má fi sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí dókítà méjèèjì mọ̀. Àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ náà wà nínú ohun tí à ń sọ.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ló kàn, ibẹ̀ sì ni ìjà ti máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta sí mẹ́rin ni wọ́n ń gún Rejuran, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ẹni tó lọ fún ọ̀sẹ̀ kan, ìdá kan nínú mẹ́ta ló rà yẹn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ gba 4 ml lẹ́ẹ̀kan náà kí ẹ má bàa padà wá, ẹ má gbà: àsìkò tí awọ fi ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn abẹ́rẹ́, oògùn púpọ̀ kò lè rọ́pò rẹ̀. Ẹ má sì di oògùn sínú àpò bọ̀ wálé pé nọ́ọ̀sì àdúgbò á gún un. Ẹ̀yin tó wà ní Amẹ́ríkà, FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn níbẹ̀, kò fọwọ́ sí Rejuran fún gbígún lọ́dọ̀ yín. Skinvive, tó jẹ́ ti hyaluronic acid, ni wọ́n fọwọ́ sí ní 2023, fún ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹni tí kò lè lọ lẹ́ẹ̀mẹta, irú ìyẹn nílé lọ́dọ̀ dókítà tó níwèé àṣẹ sàn fún un ju ìrìnàjò lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ yìí ń pa ọjà tiwa lára.

Bí a ṣe ń to ọjọ́ rèé: ọjọ́ kìíní, ẹ dé, ẹ sùn. Ọjọ́ kejì, ẹ rí dókítà. Ọjọ́ kẹta, abẹ́rẹ́. Ọjọ́ kẹjọ, bàálù. Ọjọ́ márùn-ún tó wà láàárín wọn kì í ṣe fún ọjà rírà nìkan; inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ohun tó bá fẹ́ bàjẹ́ ti máa ń fara hàn, ó sì sàn kó bá yín nítòsí ẹni tó gún yín. Láìsà àti abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ kan náà lórí awọ dúdú, a kì í gbà á, bí wọ́n ti wù kí wọ́n dín owó rẹ̀ tó.

Ní 2024, àwọn tó ti òkè òkun wá gba ìtọ́jú ní Kòríà lé ní mílíọ̀nù kan, ti awọ ara ló sì pọ̀ jù. Nítorí náà àwọn ilé ìwòsàn kan wà níbẹ̀ tó ń sáré bí ọlọ́jà. Ẹni tí ẹ máa kọ́kọ́ bá jókòó ni siljang, ọmọge tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ, tó ń to iye owó. Siljang kì í ṣe dókítà. Ẹ má fọwọ́ sí ohunkóhun kí dókítà tó fi ojú ara rẹ̀ wo ojú yín. Ẹ tún wo pátákó ìta: 피부과, pibugwa, ni ẹ̀ka awọ. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá lẹ̀ mọ́ orúkọ ilé ìwòsàn gan-an, tí 의원 (uiwon, ilé ìwòsàn kékeré) wá tẹ̀ lé e, akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ awọ ló ni ín. Bí ó bá dá dúró lẹ́yìn 진료과목 (jillyogwamok, ẹ̀ka ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe), dókítà tí kò ṣe àkànṣe awọ ló ń tọ́jú awọ níbẹ̀. Kò lòdì sófin, àwọn kan nínú wọn sì mọ abẹ́rẹ́ gún. Fún awọ tiwa, ti àkọ́kọ́ là ń yàn. Àti ilé ìwòsàn àti aṣojú tó ń kó àlejò wá ló gbọdọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba Kòríà. Ẹ béèrè ìwé náà, lọ́wọ́ àwa pẹ̀lú.

Nínú yàrá abẹ́rẹ́, wọ́n á fi ìpara tó ń mú ara kú pa ojú yín fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan. Ó ṣì máa dùn yín. Rejuran ń ta ju àwọn yòókù lọ. Kí wọ́n ṣí páálí oògùn lójú yín, kí ẹ ka ọjọ́ tó máa bàjẹ́, kí ẹ gba sítíkà tó ní nọ́ḿbà oògùn náà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ rìsíìtì. Sìríǹjì tí wọ́n bá gbé wá ní ìdajì, ti ẹlòmíràn ni ìdajì tó kù, ẹ dìde. Ẹ̀rọ kan wà tó ní abẹ́rẹ́ mẹ́sàn-án, tó ń fa awọ mọ́ra kó tó gún un. Ó yá ju ọwọ́ lọ, ṣùgbọ́n ibi tó fà mọ́ra lè dúdú, nítorí náà ọwọ́ dókítà là ń béèrè. Ẹ kọ́ ọ̀rọ̀ méjì: apayo, ó ń dùn mí, jamkkanmanyo, ẹ dúró ná.

Lẹ́yìn náà, ojú yín á kún fún kókó kéékèèké bí ẹni tí ẹ̀fọn jẹ. Ti Rejuran máa ń lò tó ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Ẹ má tẹ̀ wọ́n, ẹ má fi ọwọ́ ra wọ́n. Kò sí àtíkè títí di ọjọ́ kejì, kò sí eré ìdárayá fún ọjọ́ méjì, kò sí ilé ooru jjimjilbang fún ọ̀sẹ̀ kan. Sunscreen tó ní àwọ̀ ilẹ̀ ló dáa jù fún wa, nítorí iron oxide inú rẹ̀ ń dí ìmọ́lẹ̀ tó ń mú àmì dúdú pẹ́ lójú.

Ewu tó tóbi jù kì í wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ dá a mọ̀: oògùn tó bá bọ́ sínú okùn ẹ̀jẹ̀ lè dí i. Gbogbo ìwé ló ń sọ pé ibẹ̀ á funfun. Lára wa, kì í funfun tó bẹ́ẹ̀. Ó máa ń rí bí eérú, pẹ̀lú ìlà-ìlà bí àwọ̀n, ibẹ̀ á sì tutù. Ẹ tẹ ibẹ̀, ẹ gbé ìka kúrò: bí àwọ̀ kò bá padà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, ẹ pe ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró dè wá. Ìpara tó mú ara kú lè bo ìrora náà mọ́lẹ̀, nítorí náà kí ẹ máa wo dígí. Bí ojú bá ṣú tàbí tí ẹ ń rí nǹkan ní méjì-méjì, 119 ni nọ́ḿbà ọkọ̀ pàjáwìrì. Oògùn tó ń yọ́ hyaluronic acid ni hyaluronidase. A máa ń béèrè bóyá ó wà nínú fíríìjì wọn kí a tó gba ọjọ́. Kì í yọ́ Rejuran tàbí PDLLA, ìdí mìíràn nìyẹn tí a kò fi ń kánjú sí àwọn méjèèjì.

Ẹ̀yin tó ń lo páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, físà C-3-3 ni ti ìtọ́jú, ilé ìwòsàn tàbí aṣojú tó forúkọ sílẹ̀ ló sì ń kọ ìwé ìpè rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lákòókò kan náà tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ yẹn.

Ní ti fọ́tò: ojú mẹ́ta, iwájú, ọ̀tún, òsì, lẹ́bàá fèrèsé ní àárọ̀, láìsí àtíkè, láìsí fílítà. Lẹ́yìn náà gbogbo ike ìpara, ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí wọ́n kọ ohun inú rẹ̀ sí. Èyí tí wọn kò kọ nǹkankan sí lára, ẹ yà á bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ ọjà tí ẹ ti rà á sí ìsàlẹ̀.

Àwa ni tiyín.