Lẹ́tà sí Àjọkẹ́ lórí ẹni tí yóò máa tọ́jú bàbá yín nílé

Òkè-Àdó,
Ìbàdàn.

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tí o fi ohùn sọ ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo sì tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì sí i kí n tó sùn. O ní o ti rí ọmọbìnrin ọmọ ọdún 17 kan láti abúlé tí owó rẹ̀ kò ní pọ̀, àti pé bí a kò bá fẹ́ ìyẹn, obìnrin kan wà tó ní nọ́ọ̀sì ni òun, tó sì ṣe tán láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Mo mọ̀ pé àánú èmi àti bàbá yín ló ń ṣe ọ, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gùn ju ohun tí a lè sọ tán lórí fóònù lọ, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́ sínú ìwé, kí o lè kà á fún ẹ̀gbọ́n rẹ àti àwọn àbúrò rẹ pẹ̀lú.

Ènìyàn ni ẹ̀yin ọmọ ń wá. Èmi fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ méje báyìí tí ilé ìwòsàn UCH ti ní kí bàbá yín máa bọ̀ nílé lẹ́yìn rọpárọsẹ̀ tó kọ lù wọ́n. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn kò tíì gbéra, ọ̀rọ̀ ṣì ń há wọn lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ gbogbo ohun tí à ń sọ ló ń yé wọn. Wọ́n ní láti wẹ̀, kí a pààrọ̀ pámpásì wọn, kí a gbé wọn jókòó dáadáa kí oúnjẹ tó kan ẹnu wọn, kí wọ́n sì wà ní ìjókòó fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹun tán, kí oúnjẹ má baà gba ọ̀nà èémí lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n ní láti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn lásìkò, kí a sì máa kọ iye tí ẹ̀jẹ̀ wọn bá jẹ́ sílẹ̀. Ní gbogbo wákàtí méjì, lọ́sàn-án àti lóru, a gbọ́dọ̀ yí wọn sí ẹ̀gbẹ́ kejì kí egbò má baà yọ lára wọn. Rọ́bà ìtọ̀ tó wà lára wọn kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ kàn bó ṣe wù ú, nítorí ibẹ̀ ni àrùn máa ń gbà wọlé kánkán. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni físíò wà, ìyẹn ìtọ́jú tó ń kọ́ apá àti ẹsẹ̀ láti tún gbéra.

Bí o bá wò ó dáadáa, iṣẹ́ ènìyàn mẹ́ta ni mo kà yẹn. Olùtọ́jú, ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní caregiver, ló máa ṣe èyí tó pọ̀ jù, ìyẹn wíwẹ̀, oúnjẹ, yíyí padà àti pípààrọ̀ aṣọ, owó oṣù ni a ó sì máa san fún un. Nọ́ọ̀sì ló máa yẹ rọ́bà ìtọ̀ wò, tí yóò pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tó bá yẹ, tí yóò sì yẹ awọ ara wọn wò; a kò nílò rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀, iye ìgbà tó bá wá ni a ó sì máa sanwó fún. Onífísíò náà, iye ìgbà tó bá wá ni. Bí owó bá wá ṣe bí ẹni tí kò ní tó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kó jẹ́ owó físíò ni ẹ máa kọ́kọ́ yọ kúrò. Láàárín oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn rọpárọsẹ̀ ni ara máa ń yára kọ́ ohun tó ti gbàgbé jù lọ, àsìkò yẹn ni a sì wà nínú rẹ̀ báyìí. Ẹ jẹ́ kí n máa jẹ ẹ̀kọ láìsí ẹran, kí onífísíò máa wá ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀.

Nítorí náà, ọmọbìnrin abúlé yẹn kò lè ṣe é. Kò lè gbé bàbá yín, àwọn náà kò sì ní gbà kí ọmọ tí kò fi bẹ́ẹ̀ dàgbà ju àkọ́bí rẹ lọ tú wọn sí ìhòòhò. O mọ irú ènìyàn tí bàbá yín jẹ́. Kí ọmọ náà padà sí ilé ẹ̀kọ́. Ọkùnrin ni mo fẹ́ kí o wá, ẹni tó lágbára lápá, tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà.

Ọ̀rọ̀ obìnrin tó ní nọ́ọ̀sì ni òun ló ká mi lára jù. Mo fẹ́ sọ ohun kan fún ọ tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin ọmọ. Ní 1998, nígbà tí ìyá mi kò lè dìde mọ́, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì alẹ́ ni mo ń ṣe ní wọ́ọ̀dù, ẹnì kan tí mo fọkàn tán sì mú obìnrin kan wá bá mi tó wọ aṣọ funfun, tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ, tó sì ń pe ara rẹ̀ ní nọ́ọ̀sì. Ojú tì mí láti béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ẹni tó mú un wá. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni èmi fúnra mi wẹ ìyá mi, mo sì bá egbò ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn wọn tí ìka mi méjì lè wọ̀. Ẹ̀yìn náà ni mo tó mọ̀ pé kẹ́míìsì ni obìnrin náà ti bá wọn tajà fún oṣù díẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ pé wọ́n máa ń yí aláìsàn padà. Oṣù méje ni egbò náà fi jinná. Ní gbogbo òru tí mo fi ń yí ìyá àwọn ẹlòmíràn padà ní wọ́ọ̀dù, ojú kan ni ìyá tèmi dùbúlẹ̀ sí nílé. Láti ọjọ́ yẹn, ojú kì í tì mí mọ́ láti béèrè ìwé.

Ìwọ náà, má ṣe jẹ́ kí ojú tì ọ́. Nọ́ọ̀sì tòótọ́ ní ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ àjọ Nursing and Midwifery Council of Nigeria, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni a sì ń sọ ìwé náà dọ̀tun. Wo orúkọ tó wà níbẹ̀, wo fọ́tò, wo ọjọ́ tí yóò parí. Ẹni tó bá ní òun ti gbàgbé tirẹ̀ sí Òṣogbo, kí o ní kó lọ mú un wá. Àwọn ọ̀sílíárì tí ilé ìwòsàn kéékèèké ń kọ́ níṣẹ́ fúnra wọn kò sí nínú ìwé àjọ náà. Mo mọ àwọn kan láàárín wọn tí ọwọ́ wọn rọ̀, tí wọ́n sì láàánú, ó sì ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ olùtọ́jú gidi fún wa. Ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé olùtọ́jú ni òun, kò gbọdọ̀ gún bàbá yín lábẹ́rẹ́, kò sì gbọdọ̀ yọ rọ́bà lára wọn.

Nígbà tí o bá ń bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, béèrè ohun kan lọ́wọ́ rẹ̀ fún mi: báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé egbò fẹ́ yọ lára aláìsàn tó dùbúlẹ̀? Bí ó bá dáhùn pé ibẹ̀ yóò pọ́n nìkan, inú ìwé òyìnbó ló ti kà á. Ara wa dúdú, kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ́n. Ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ náà rí yóò sọ fún ọ pé ibẹ̀ máa ń dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ, tàbí kó gbóná, tàbí kó le lábẹ́ ọwọ́, àti pé ọwọ́ ni òun fi ń mọ̀ ọ́n kí ojú tó rí i.

Ní ti ibi tí a ó ti rí ènìyàn, má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí ìpolówó. Nígbà tí o bá wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Mọ́níyà lọ́jọ́ Jímọ̀, jẹ́ kí a jọ lọ sí UCH, sí Chief Tony Anenih Geriatric Centre tí wọ́n ṣí ní 2012 fún ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, kí a béèrè lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀. Èmi náà yóò pe àwọn tí a jọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ẹlẹ́yẹlé; a ti darúgbó, ṣùgbọ́n a ṣì mọ ẹni tó mọ iṣẹ́. Bí ẹnì kan bá sọ pé òun ti tọ́jú ìyá ẹnì kan ní Bódìjà tàbí ní Chálẹ́ńjì, bá ìdílé náà délé wọn. Má ṣe pe nọ́ńbà tó fún ọ nìkan, nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè jẹ́ ẹni tó máa gbé e. Kó ní oníduuró méjì tí a mọ ilé wọn. Kó má sì jìnnà jù, nítorí ẹni tó bá ń wọ takisí Micra mẹ́ta láti Ọ̀jọ́ọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa yóò máa pẹ́, bó ti wù kó jẹ́ ènìyàn rere tó.

Bí ó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń pèsè olùtọ́jú ni ẹ fẹ́ gbà lọ, n kò kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè iye tó ń dé ọwọ́ olùtọ́jú fúnra rẹ̀ nínú owó tí a bá san. Bí èyí tó ń dé ọwọ́ rẹ̀ bá kéré jù, kò ní pẹ́ tí yóò fi lọ, bàbá yín yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara mọ ẹlòmíràn. Ẹ béèrè ẹni tí wọn yóò fi rọ́pò rẹ̀ lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ kò bá yá, àti bóyá wọ́n máa dá owó padà bí a kò bá fẹ́ ẹ mọ́. Kí gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé àdéhùn tí a fọwọ́ sí, kí owó máa lọ sínú àkáǹtì ilé iṣẹ́ náà, kì í ṣe ti ènìyàn, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹ má ṣe san oṣù mẹ́fà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nítorí ẹ̀dínwó. Ọ̀sẹ̀ méjì ìdánwò ni kí a fi bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù tó kéré jù lọ di ₦70,000, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì gbé tirẹ̀ sí ₦80,000. Òfin yẹn kò de ilé tó gba òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun yóò máa tọ́jú bàbá yín látàárọ̀ dalẹ́ ní ìdajì iye yẹn, kí o bi ara rẹ léèrè ibi tí yóò ti rí ìyókù mú. Fi oúnjẹ rẹ̀, pámpásì, ìbọ̀wọ́, ọṣẹ àti epo jẹnẹrétọ̀ kún ìṣirò. Má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé adójútòfò fún èyí. Òfin 2022 tó dá NHIA, àjọ adójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀, sílẹ̀ sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ènìyàn láti ní adójútòfò ìlera, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ní tirẹ̀ tó ń jẹ́ OYSHIA, mo sì fẹ́ kí orúkọ bàbá yín wà níbẹ̀ fún ọjọ́ tí a bá tún ní láti lọ sí ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò máa wẹ̀ wọ́n nílé lójoojúmọ́, àpò wa ni owó rẹ̀ yóò ti jáde.

Owó ìfẹ̀yìntì bàbá yín àti tèmi yóò ra oògùn àti oúnjẹ. Ìyókù, ẹ ṣí àkáǹtì kan sọ́tọ̀, kí ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa dá owó síbẹ̀ bí agbára oníkálukú bá ṣe mọ, kí gbogbo yín sì máa rí ohun tó wọlé àti ohun tó jáde. Ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Kánádà lè san èyí tó pọ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jẹ́ òun nìkan, nítorí ẹni tó bá ń sanwó nìkan yóò pẹ́ yóò yá bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ nìkan. Àbúrò rẹ tó wà ní Akọ́bọ̀ ti ní òun yóò máa wá sùn lọ́dọ̀ wa ní alẹ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, owó sì ni ìyẹn jẹ́, ẹ kà á mọ́ tirẹ̀. Àbíkẹ́yìn yín tó jẹ́ agùnbánirọ̀, kó wá ní ọjọ́ Sátidé kí olùtọ́jú lè sinmi. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo kò lè ṣe é kí ó má ṣàìsàn. Lóòótọ́, bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni yóò máa mu, ṣùgbọ́n ọmọ náà gbọ́dọ̀ jẹun kí ọmú rẹ̀ tó lómi. N kò fẹ́ gbọ́ pé o yá owó èlé nítorí wa, n kò sì fẹ́ kí o dá owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ dúró.

Bí ọkùnrin náà bá dé, kí a pè é ní orúkọ rẹ̀, kí a fún un ní oúnjẹ tí àwa náà ń jẹ. Ìwé tí yóò máa kọ nǹkan sí wà lórí tábìlì: àsìkò tó yí wọn padà, ohun tí wọ́n jẹ, iye tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́. Káàdì báńkì kò ní kọjá ọwọ́ mi. Ohun tí n kò ní gbà fún un ni kó máa bá mi sọ̀rọ̀ nípa bàbá yín níṣojú wọn bí ẹni pé wọn kò sí níbẹ̀. Kó bá wọn sọ̀rọ̀, kó sì dúró de ìdáhùn, bó ti wù kó pẹ́ tó. Lánàá, wọ́n pe orúkọ rẹ. Kò já geere, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ ni.

Fi tíkẹ́ẹ̀tì rẹ ránṣẹ́ sí mi bí o bá ti rà á, kí àbúrò rẹ lè wá pàdé rẹ ní Mọ́níyà. Mo fẹ́ fi bírò sílẹ̀ báyìí, wákàtí méjì ti pé, ó tó àkókò láti yí wọn sí ẹ̀gbẹ́ òsì.

Èmi ni ìyá rẹ.