Lẹ́tà sí Bọ̀dá Kàdúná, lórí ọkọ̀ tó wà lábẹ́ tapólì

Bọ̀dá mi,

A ti ṣe fídàù ogójì ọjọ́ yín. Àwọn àáfà ṣàdúà, ẹbí láti Ọ̀fà dé Tudun Wada ló pé. Kí Ọlọ́hun fi àlùjánnà kẹ́ yín. Mi ò tíì wọ Àbújá padà tí Àǹtí fi pè mí: wọ́n ti rí ẹni tó fẹ́ ra ilé, kí n tètè wá gbé òkú ọkọ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé.

Òkú ọkọ̀, Bọ̀dá. Wọn ò jẹ́ wí i lójú yín.

Tí mo bá ní Peugeot 504 ni fún àwọn èèyàn níbí, èyí tó ń kérò láti Kawo lọ sí Zaria ló máa ń wá sí wọn lọ́kàn. Wọn ò jẹ̀bi, ní 1975 ni PAN, ilé iṣẹ́ tó ń to Peugeot ní Kàdúná, ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ìyẹn. Ṣùgbọ́n Coupé ni tiyín, èyí tí òyìnbó Faransé yẹn tà fún yín nígbà tó ń relé. Ilé iṣẹ́ Pininfarina ló ṣe ara rẹ̀ ní Ítálì. Ilẹ̀kùn méjì péré, àárín táyà iwájú sí ti ẹ̀yìn sì fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 19 kúrú ju ti 504 tí gbogbo ayé mọ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí Panteka, ọjà tí a ti ń ra ẹ̀yà ọkọ̀, kì í fi í ṣe oore délẹ̀ fún wa: púpọ̀ nínú ẹsẹ̀ rẹ̀, a máa rí i rà kí oòrùn tó mú, tó bá wá di ilẹ̀kùn, fẹ́ńdà tàbí gíláàsì iwájú, àwọn Hausa ibẹ̀ á kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní “sai hakuri”, àfi sùúrù.

Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. V6, sílíńdà mẹ́fà tí mẹ́ta-mẹ́ta kọjú síra, tí Peugeot, Renault àti Volvo jọ ṣe, kò fi bẹ́ẹ̀ dín sí lítà 2.7. Ẹ fẹ́ràn láti máa sọ bí awakọ̀ Faransé, Jean-Pierre Nicolas, ṣe fi irú rẹ̀ gba eré ìje Safari Rally ní Kẹ́ńyà ní 1978, ẹ sì máa ń sọ ọ́ bíi pé ẹ̀yin lẹ jókòó tì í tẹ́ ẹ ń júwe ọ̀nà. Ẹ rántí àárọ̀ tó kọ́kọ́ jí? Ẹ ti ń tún kabúrétọ̀ méjèèjì ṣe láti ìdájí. Ẹ ní kí n fi ẹnu sukudíráfà gígùn yẹn kan ẹ́ńjìnnì, kí n fi ìdí rẹ̀ ti eegun ẹ̀yìn etí mi. Mo gbọ́ fáàfù kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń ṣí tó ń pa dé. Kò dún geere rí, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, á kọsẹ̀ díẹ̀, á tún gbéra. Títí dòní, tí mo bá gbọ́ V6 tó ń dún geere, mo máa ń rò pé ó ní ohun tó ń fi pamọ́.

Iléyá ọdún kan ni mo wálé tí mo ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo rí.

Kì í ṣe olè ló gbé e. Olè kì í fi ọ̀rá we ẹnu wáyà. Wáyà kọ̀ọ̀kan ló ní bébà pélébé lára, ọwọ́ yín ni wọ́n fi kọ ọ́: “sítátà”, “omi gbígbóná”, “ti ọ̀tún”. Gbogbo nọ́ọ̀tì wà nínú agolo mílíìkì. Ẹni tí kò ní í dá ẹ́ńjìnnì padà, kí ló ń kọ ìwé sára wáyà fún? Mo bi yín, ẹ ní ẹran ti jinná, kí n wá jẹun. Mo tún bi yín lọ́dún kejì, ẹ ní ẹnì kan ló ń lò ó. Ta ni? Nínú gbogbo Kàdúná, ta ló tún ní ọkọ̀ tó máa gba irú ẹ́ńjìnnì yẹn? Níbi fídàù, wọ́n ń sọ káàkiri pé ẹ tà á láti fi san owó ilé ìwé mi. Ẹ jọ̀ọ́. Mo ti gboyè, mo ti sin ìjọba tán kí Iléyá yẹn tó dé. Bọ̀dá, èmi tí mo di tọ́ọ̀ṣì mú fún yín ní gbogbo alẹ́ wọ̀nyẹn, ẹ ò rí mi fi ọ̀rọ̀ lọ̀.

Ẹ wá ráyè fi BMW mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ ní ọkọ̀ ọmọ yàhúù ni. E36 325i, sílíńdà mẹ́fà lórí ìlà kan, táyà ẹ̀yìn ló ń tì í: kí lẹ tún fẹ́? Ẹ ò bá wá wo Jabi ní alẹ́ Sátidé, kẹ́ ẹ rí Mustang àti Camaro tó ti forí gbá nǹkan ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó kó wọn wá síbí. Tí títì bá ti gùn gbọọrọ, ariwo. Tó bá kan kọ́nà, búréèkì. Lójú tèmi, agbára kọ́ ló ń sọ ọkọ̀ di ọkọ̀ eré. Mazda MX-5 tó jáde ní 1989, lítà 1.6 péré, kò wọn tọ́ọ̀nù kan. Ẹ fún mi nìyẹn, kí wọ́n máa gbé Mustang wọn lọ.

Ṣùgbọ́n mi ò lè purọ́ fún yín, BMW náà ti dúró. Ike ni wọ́n fi ṣe ọrùn rédíétọ̀ rẹ̀, ike ni táǹkì omi rẹ̀, ooru oṣù kẹta Àbújá kò sì mojú ike. Ó ń bẹ ní Gwarinpa níwájú ilé mi, ajẹ́ńtì ti kọ̀wé pé kí n gbé e kúrò. Epo tí kò tó 200 náírà ní ilé epo NNPC ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ti kọjá 1,000 kí 2024 tó parí; ibi iṣẹ́ wa, owó oṣù ò kúrò níbi tó wà. Ọ̀gá mẹkáníìkì kan ní Apo ti ní òun máa ra ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ìyàwó mi gbọ́ iye tó pè. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ohun tí owó náà máa ṣe sí mi létí. Mi ò tíì dá a lóhùn. Níbo ni mo tún fẹ́ gbé Coupé yín sí?

Síbẹ̀, mo ti bá onílọ́rí kan sọ̀rọ̀. Ó ní òun á gbé e, àmọ́ òun ò ní í gba ojú ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá kọjá láìsí ìwé ọkọ̀, torí àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró. Àǹtí ti tú àpótí yín, kò rí nǹkan kan. Èmi náà ti wo abẹ́ ìjókòó àti inú dáṣíbọ́ọ̀dù. Bọ̀dá, ibo lẹ kó ìwé ọkọ̀ yìí sí? Àbí ọwọ́ ẹni tó gbé ẹ́ńjìnnì lọ ló wà?

Ọmọ yín,
Gwarinpa, Àbújá